Oníbodè Tó Sùn Síta

"Oníbodè tó ní kẹ́nikẹ́ni má wọlé, ìta lòun náà sùn." Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo mọ̀ pé òwe yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu alága ìpàdé àwọn onílé, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ìyàwó, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà ti pa á fún ọmọ yín rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ẹ mọ ibi tó ti wá?

Mo ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ máa ní ayé ogun ni, ayé odi àti yàrà, nígbà tí oníbodè ń jókòó sẹ́nu ibodè, tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn alájàpá. Mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò. Ó dárúkọ ọba tó wà lórí oyè nígbà náà, ó tún wá dárúkọ ẹṣin ọba. Díẹ̀ ló kù kí n da tíì tí mò ń mu sára. Ènìyàn purọ́ títí, ó purọ́ kan ẹṣin. Òwe yìí kò dàgbà tó yẹn rárá. Ìṣojú mi kòró ló ṣẹlẹ̀, ní Ìkirè, nínú yàrá kan tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, oníbodè tí à ń wí yìí kò sì ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀, kò ní fìlà. Inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé.

Ẹ fara balẹ̀ kí n tò ó fún yín.

Àwa kan wà tí à ń pe ara wa ní Ẹgbẹ́ Alákàá. Iṣẹ́ wa ni kí á máa ṣe ohun tí ọmọ Yorùbá lè lò lórí kọ̀ǹpútà, kí á sì fi tọrẹ. Ẹnì kan ṣe ayò ọlọ́pọ́n, ẹnì kan ṣe èyí tó ń sọ àkókò ìrun, èmi ṣe ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ṣe, á dì í ní ẹrù, á gbé e sínú àká kan tí gbogbo ayé lè bù nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni a máa ń ti àká náà, tí a ó da ẹ̀dà rẹ̀ kọ, tí a ó kó o fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ẹrù tí kò bá sí nínú àká lọ́jọ́ tí a tì í, ó di àmọ́dún.

Nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan ni ìwé àṣẹ máa ń wà. Òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé gbé èyí síbí, tú ìyẹn palẹ̀, jí tọ̀hún lójú oorun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé náà fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ló wà láàárín tó ń kà á fún un. Òyìnbó ń pè é ní ṣẹ́ẹ̀lì, àwa ń pè é ní ògbufọ̀. Wàhálà ibẹ̀ wá ni pé ògbufọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ògbufọ̀ ńlá wà, ọ̀mọ̀wé pátápátá, tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́, tó gbọ́ àṣàmọ̀, tó gbọ́ ẹnà. Ògbufọ̀ kékeré sì wà, tí kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ tààrà lọ, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà tí ẹ kò ní bá a nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn méjì yìí, oríṣiríṣi ló tún wà káàkiri ayé, kálukú pẹ̀lú ìwà tirẹ̀.

Ìbídùnní ni ọ̀kan nínú wa. Ọmọbìnrin tó ní làákàyè ni, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ẹrù tirẹ̀ ń jẹ́ Ohùn. Ẹ fún un ní ìwé Yorùbá èyíkéyìí, á kà á sókè pẹ̀lú àmì rẹ̀ lórí, ọkọ́ kò ní di ọkọ, ìgbá kò sì ní di igba. Ó ṣe é fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú kan tó wà lọ́nà Ṣakí, níbi tí Tíṣà Awóyẹmí ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Afọ́jú ni Tíṣà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ìyẹn àwọn àlòkù tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ, tó ti gbó débi pé ògbufọ̀ kékeré nìkan ni agbára wọn gbé.

Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ, Ìbídùnní àti alága wa gbé Ohùn lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti para. Ìbídùnní tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò sọ nǹkan kan. Ó tún un tàn. Ó yadi ni. Wọ́n jókòó níwájú rẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àníkẹ́ bá fa aṣọ Tíṣà, ó ní: "Tíṣà, ṣé ẹ̀rọ náà ń bínú sí wa ni?"

Ohun tó fà á nìyí. Lórí kọ̀ǹpútà Ìbídùnní nílé, bí ẹ bá pe ògbufọ̀ kékeré, ògbufọ̀ ńlá ló máa ń dáhùn lórúkọ rẹ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ló tò ó bẹ́ẹ̀, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìbídùnní ti ń fi ẹnà kọ ìwé àṣẹ rẹ̀ látọjọ́ yìí, ó rò pé ọ̀rọ̀ tààrà lòun ń sọ, torí ẹni tó ń dá a lóhùn ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ ògbufọ̀ kékeré gidi, ìyẹn wò ó lójú, kò gbọ́ nǹkan kan. Àṣìṣe àwa oníkọ̀ǹpútà nìyẹn. Ẹlòmíràn kò lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ Àníkẹ́ wọ alága wa lára. Lójú ọ̀nà bí wọ́n ti ń bọ̀, ó ra iṣu, ó sanwó, ó sì fi iṣu sílẹ̀ fún ẹni tó tà á. 

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa alága yìí. Alàgbà Ògúnṣakin lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ a máa ń pè é ní Dandan. Bàbá rẹ̀ ṣe wolé-wolé láyé àtijọ́, àwọn tó ń yọjú wo inú ìkòkò omi onílé bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà kò kúrò lára ọmọ. Bí Alàgbà bá wọ ilé yín, kó tó kí yín, á ti wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ènìyàn rere ni, mo búra, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn òfin bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn ṣúgà.

Ìpàdé tí a kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn ìrìn àjò náà, Alàgbà ti dé ṣáájú gbogbo wa, ó ti kọ òfin tuntun sójú pátákó: "Dandan ni kí ìwé àṣẹ inú gbogbo ẹrù yé gbogbo ògbufọ̀. Ẹrù tí tirẹ̀ kò bá yé gbogbo wọn, ìta ni, kò sì gbọdọ̀ padà wọlé títí di àmọ́dún."

Ìbídùnní nawọ́. Ó ti tún ìwé àṣẹ Ohùn kọ látòkèdélẹ̀ nígbà náà, ó ti yọ gbogbo ẹnà kúrò nínú rẹ̀, ó sì ti lọ yá kọ̀ǹpútà gbígbó láti fi dán an wò.

Ó ní: "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́ sà, 'gbogbo ògbufọ̀' yẹn ti pọ̀ jù. Àwọn kan wà nínú wọn tí wọn kò gbọ́ra wọn yé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé dandan ni kó yé ògbufọ̀ kékeré, torí òun ló wà níbi gbogbo. Bí ẹrù kan bá nílò òmíràn, kó dárúkọ rẹ̀ síwájú ẹrù, kí ẹni tó fẹ́ lò ó lè bá a wá a. Ìyókù, ẹ jẹ́ ká fi 'ó yẹ' kọ ọ́."

"'Ó yẹ' kẹ̀?" Alàgbà gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ìbídùn, 'ó yẹ' ló gbé èmi pẹ̀lú rẹ dé iwájú àwọn ọmọ yẹn. Ó yẹ kí gbogbo ayé máa bọ́jú láàárọ̀. Wo iye ojú tí kò mọ́ nínú yàrá yìí."

A wo ara wa.

"Sà, òfin tó bá lé gbogbo ènìyàn jáde, ta ló máa kù tí yóò máa pa á mọ́?"

"Àwọn tó bá mọ́."

A dìbò, òfin Alàgbà wọlé. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ebi ń pa wá ni. Dódò Ìkirè wà lórí tábìlì, ó dúdú, ó ń dán, òórùn ata rẹ̀ ti gba gbogbo yàrá, Alàgbà sì ti ní ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án títí a ó fi dìbò. Èmi náà nawọ́ sókè, mo sì fi ọwọ́ kejì fa àwo sún mọ́ra.

Òfin tí kò ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ, ojú lásán ni wọ́n ń fi wò ó. Alàgbà mọ bẹ́ẹ̀. Ló bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀ṣọ́ kan sórí kọ̀ǹpútà, ó pè é ní Oníbodè. Iṣẹ́ Oníbodè ni kó gbé ẹrù kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò, kó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ han gbogbo ògbufọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì ju èyí tí kò bá yé wọn síta. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹrù tó lè wọ àká bí kò bá gba ọwọ́ Oníbodè. Torí pé àṣà ẹgbẹ́ wa ni pé irinṣẹ́ tí a bá ń lò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹrù nínú àká bíi ti gbogbo ayé, Alàgbà di Oníbodè náà ní ẹrù, ó sì gbé e sínú àká.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ògbufọ̀ jọ láti orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé. Òfin ní gbogbo, gbogbo náà ló sì kó. Ó rí àwọn tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó bí àwọn kan nínú wa. Ọ̀kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á bi yín pé ta ló kú. Ìwé àṣẹ tó bá yé ìyẹn, á rú gbogbo àwọn tó kù lójú. Èyí tó bá yé àwọn tó kù, ìyẹn á fapá jánú. Sàlámì, ẹni tó di ẹrù àkókò ìrun, ní kí á jẹ́ kí á dán Oníbodè wò díẹ̀ kí ọjọ́ ìtìkàá, ìyẹn ọjọ́ tí a ó ti àká, tó dé. Alàgbà kọ̀. Ó ní wolé-wolé kì í ránṣẹ́ ṣáájú.

Ǹjẹ́ òun fúnra rẹ̀ dán Oníbodè wò lára Oníbodè? Kò dán an wò. Ta ní ń bi oníbodè pé níbo lò ń lọ?

Ọjọ́ ìtìkàá pé. Tíṣà Awóyẹmí wá láti ọ̀nà Ṣakí fúnra rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ó ní òun kò ní dúró de ẹni tí yóò gbé e wá mọ́, òun yóò fọwọ́ ara òun gba Ohùn, òun yóò sì gbọ́ ọ kí òun tó kúrò níbẹ̀. Ó tún gbé ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà gbígbó náà dání. Ẹni ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló á sá. A fi í jókòó sẹ́bàá fèrèsé, a bu dódò fún un. Awakọ̀ rẹ̀ ti sọ fún wa nísàlẹ̀ pé òun kò ní wakọ̀ lọ́nà yẹn lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú.

A tan jẹnẹrétọ̀. Alàgbà wọ aṣọ funfun. Ó gbé àwòrán inú kọ̀ǹpútà sára ògiri kí gbogbo wa lè rí i, ó dá ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, ó tẹ bọ́tìnnì.

Oníbodè kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àkókò ìrun ló kọ́kọ́ mú. Ó gbé e yí àwọn ògbufọ̀ ká, ó sì kọ ọ́ sára ògiri pé: "Síta."

Sàlámì ní: "Wọ́n ti lé àkókò ìrun síta. Ṣé kí n má wulẹ̀ kírun mọ́ ni?"

A rẹ́rìn-ín. Oníbodè mú ayò ọlọ́pọ́n. "Síta." A tún rẹ́rìn-ín. Ó mú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ tèmi, tí mo fi oorun ojú mi kọ. "Síta." Ẹ̀rín mi gbẹ. Àwọn tó kù ṣì ń rín ní tiwọn. Àlọ́, síta. Oríkì, síta. Ìwé ìṣirò àwọn ọmọdé, síta. Ó ń gbá ilé lọ bí ìyàwó tuntun.

Ó wá kan Ohùn. Ìbídùnní dìde dúró. Mo rí i tó di etí tábìlì mú. Oníbodè gbé Ohùn fún ògbufọ̀ kékeré, ó yé e. Ó gbé e fún ògbufọ̀ ńlá, ó yé e. Ó ń gbé e kiri, ó ń yé wọn, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ oníta-ló-kú.

"Síta."

Yàrá dákẹ́. Tíṣà Awóyẹmí gbé orí sókè. Ó ní: "Kí ló dé tí ẹ dákẹ́? Ṣé ó ti kan tiwa?"

 Ìbídùnní ti yíjú sí ògiri. Inú mi bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, torí mo ti nawọ́ sókè fún òfin náà nítorí dódò.

Oníbodè kò dúró ti ẹnikẹ́ni. Ó lé gbogbo ẹrù tán. Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo nínú àká. Ó gbé e. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹrù yìí, òun fúnra rẹ̀ ni. Ó fi ìwé àṣẹ ara rẹ̀ han àwọn ògbufọ̀ láìṣe ojúsàájú, ó sì kọ ọ́ sára ògiri pé: "Oníbodè: síta." Lẹ́yìn náà ó kọ ìlà kan sí i, èyí tí Alàgbà ti kọ́ ọ láti máa kọ bó bá parí iṣẹ́: "Àká ti mọ́."

Sàlámì ló kọ́kọ́ ṣubú. Ó ṣubú lulẹ̀ gan-an ni, pẹ̀lú àga. Alàgbà tẹ bọ́tìnnì pé kí Oníbodè padà wọlé. Ẹ̀rọ dáhùn pé kò sí ẹrù tó lè wọlé láìgba ọwọ́ Oníbodè. Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ ní kò sí Oníbodè. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rín pa wá débi pé onígbàjámọ̀ gòkè wá látìsàlẹ̀, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí la rí.

Tíṣà ní: "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ kémi náà rẹ́rìn-ín."

Ni mo bá sọ fún un. Mo ní òfin tí a ṣe le jù, Oníbodè sì ti fi lé gbogbo ẹrù síta, kò sí ohun tó kù nínú àká.

"Oníbodè náà ńkọ́?"

"Ó lé ara rẹ̀ jáde, sà."

"Ta ló wá máa ṣílẹ̀kùn fún un?"

"Òun nìkan ló ń ṣílẹ̀kùn."

Tíṣà fi àwo dódò sílẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ikùn, ó ń mì í, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní: "Ẹ gbà mí. Oníbodè tó ní kẹ́nikẹ́ni má wọlé, ìta lòun náà sùn."

Ibẹ̀ gan-an ló ti wá. Ẹnu Tíṣà Awóyẹmí ni, lẹ́bàá fèrèsé, pẹ̀lú dódò lẹ́rẹ̀kẹ́. Onígbàjámọ̀ tún un sọ lẹ́ẹ̀kan kó má baà gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tán. Awakọ̀ fun fèrè nísàlẹ̀. Tíṣà fọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀, ó rí i, ó dìde.

Ó ní: "Alàgbà, ẹ ṣeun o. Ẹrù ti wà níta, mo gbọ́ pé ó di àmọ́dún. Ẹ kàn bá mi wá ohun tí n ó sọ fún Àníkẹ́. Láti àná ló ti ń bi mí bóyá ẹ̀rọ náà ti yọ́nú sí wọn."

Ẹ wò ó, ẹ̀dà Ohùn wà lórí kọ̀ǹpútà Ìbídùnní níbẹ̀. Kò ju kí á gbé e fún Tíṣà lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá sí nínú àká, ẹgbẹ́ kì í fi tọrẹ. Òfin náà ti wà kí Alàgbà tó di alága, kò sì tíì fọwọ́ ara rẹ̀ rú òfin kankan rí láyé rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀.  Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni "dandan", mo sì mọ̀ pé kò lè sọ ọ́ jáde.

"Ẹ jókòó, Tíṣà," ló wí nígbẹ̀yìn.

Ó lọ síbi pátákó, ó ṣí fìlà, ó sì fi fìlà náà nu òfin rẹ̀ kúrò. Ó mú ṣọ́ọ̀kì.

"Ìbídùn, kí lo ní ká kọ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ṣé ẹ ti gbàgbé ni, sà?"

"N kò gbàgbé. Mo fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni."

Ìbídùnní sọ ọ́, Alàgbà ń kọ ọ́: "Dandan ni kí ìwé àṣẹ yé ògbufọ̀ kékeré. Bí ẹrù bá nílò ògbufọ̀ mìíràn, dandan ni kó dárúkọ rẹ̀ síwájú. Ó yẹ kí á máa fi ọ̀rọ̀ tààrà kọ̀wé, kódà níbi tí ẹnà bá ti dùn." Sàlámì ní Alàgbà ti kọ "ó yẹ". Alàgbà ní òun rí i. Òun fúnra rẹ̀ wá fi ìlà kan sí i: "Oníbodè ni a ó kọ́kọ́ fi òfin yìí wọ̀n, kí á tó fi wọn ẹlòmíràn. Bí kò bá sí Oníbodè nílé, ọwọ́ ẹgbẹ́ ni yóò gbé e wọlé." A dìbò. Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó wo àwo.

A gbé Oníbodè síwájú ògbufọ̀ kékeré orí kọ̀ǹpútà gbígbó tí Tíṣà gbé wá, pé kó kà á. Ògbufọ̀ kékeré wò ó, kò gbọ́ ọ. Ìbídùnní sún mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ ìwé àṣẹ Oníbodè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀.

Ó ní: "Alàgbà, ẹnà ni ẹ fi kọ ọ́."

Lórí kọ̀ǹpútà Alàgbà náà, ògbufọ̀ ńlá ló ti ń dáhùn lórúkọ kékeré. Wolé-wolé wa, tanwíjí wà nínú ìkòkò omi tirẹ̀ látọjọ́ tó ti ń yọjú wo ti ẹlòmíràn. A kò mọ bóyá kí á rín tàbí kí á sá. Alàgbà fúnra rẹ̀ ló bú sẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Ó ga, ó tín-ínrín bíi ti ọmọ ilé ìwé. Òun àti Ìbídùnní jókòó sórí àga kan náà, wọ́n yọ ẹnà náà kúrò lẹ́yọ lẹ́yọ, a fi ọwọ́ ara wa gbé Oníbodè wọlé, Oníbodè sì gba Ohùn wọlé láìjanpata.

Ìbídùnní gbé Ohùn sórí kọ̀ǹpútà gbígbó náà. Ó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kùn, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ohùn obìnrin kan jáde láti inú rẹ̀, ó mọ́ gaara:

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o."

Tíṣà Awóyẹmí ṣí fìlà fún un. Ó ní: "Ẹ kúùrọ̀lẹ́. A ti ń retí yín."

Ó mú fóònù, ó pe ilé ẹ̀kọ́, ó ní kí wọ́n fún Àníkẹ́, ó sì gbé fóònù náà sẹ́nu ẹ̀rọ. Ohùn ka ohun tí Ìbídùnní tẹ̀ fún un: "Àníkẹ́, ṣé dáadáa ni?"  Ohùn ọmọdé wá jáde nínú fóònù, ó rọra ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Kò bínú mọ́." Alàgbà Ògúnṣakin jáde lọ sí ìdí jẹnẹrétọ̀, ó ní òun fẹ́ wo epo. Epo kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Bí òwe náà ṣe dé ìgboro, ẹ bi onígbàjámọ̀. Orí tó bá ti gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá, òwe náà á bá a délé. Kò mú kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, torí ìyẹn kò yé e, ni àwọn èèyàn bá lọ wá odi ìlú àti ẹṣin sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti mọ òtítọ́ báyìí. Nígbà tí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń ṣe òfin tó le kọjá agbára ènìyàn, tí kò sì kọ́kọ́ fi wọn ara rẹ̀, bóyá bàbá nínú ilé ni o, bóyá alága ẹgbẹ́ ni o, bóyá ọ̀gá níbi iṣẹ́ ni o, wọ́n á ní kó rọra, pé oníbodè tó ní kẹ́nikẹ́ni má wọlé, ìta lòun náà sùn. Alàgbà Ògúnṣakin ló ń pa á jù nínú gbogbo wa. Bí ọjọ́ ìtìkàá bá sì pé, kí a tó gbé ẹrù ẹnikẹ́ni yẹ̀ wò, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé Oníbodè síwájú, tó máa ń ní kí Ìbídùnní bá òun wo inú ìkòkò.